Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Fọ́tò: Kámẹ́rà, Ìmọ́lẹ̀ àti Ìdára Àwòrán

1. Ìfáárà

Bí oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò ní àdúgbò Basin, ní ìlú Ìlọrin, bá gba fọ́tò tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kan ni yóò sábà fi ṣàlàyé ara rẹ̀: “Ó ṣe bàìbàì.” Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n àbùkù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ó lè jẹ́ pé ìtànṣán kò pàdé ní ibi tí ó yẹ kí ó ti pàdé nínú kámẹ́rà. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tí a ń yà yí orí nígbà tí kámẹ́rà là, tí kò sì tíì padé. Oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Ẹni tí ó tan iná púpọ̀ sí i nítorí fọ́tò tí ìtànṣán rẹ̀ kò pàdé, fọ́tò bàìbàì tí ó mọ́lẹ̀ ni yóò rí gbà.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti fi hàn wá pé a lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ayafọ́tò. Òṣùwọ̀n méjì ni a ó fi wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkíní, orúkọ kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ti nǹkan méjì nínú iṣẹ́ kan náà. Èkejì, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí orúkọ náà fúnra rẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí nǹkan náà ń ṣe.

2. Fọ́tò àti àwòrán

Ní ọdún 1839 ni a kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún kan náà ni John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀rọ̀ kan tí a fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ fífi ìmọ́lẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ yẹn ni àwa náà ti rí fọ́tò yá. Àwọn kan rò pé ó yẹ kí a pa ọ̀rọ̀ àyálò yìí tì, kí a máa lo àwòrán nìkan. A kò fara mọ́ èyí. Àwòrán gbòòrò ju fọ́tò lọ: èyí tí a fi pẹ́ńsù yà lórí ìwé ń jẹ́ àwòrán, èyí tí a fi ọ̀dà kùn sára ògiri náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé tí Babatúndé Lawal tẹ̀ jáde ní 2001, ó tú ọ̀rọ̀ náà sí à-wò-rántí, ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ó tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ awòran, ẹni tí ń wo ìran. Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí náà olùkọ́ tí kò bá fi àmì ohùn sí i yóò sọ ẹni tí ń wò di ohun tí a ń wò.

Àbá wa ni pé kí àwòrán dúró fún gbogbo ohun tí a yà, kí fọ́tò sì jẹ́ ti èyí tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yà. Nípa báyìí, ayàwòrán ni ẹni tí ń fi ọwọ́ yà á. Ayafọ́tò ni ẹni tí ń lo kámẹ́rà.

3. Kámẹ́rà gẹ́gẹ́ bí ojú

Ọ̀rọ̀ Látìn tí kámẹ́rà ti wá túmọ̀ sí iyàrá. Ìdí rẹ̀ ni pé iyàrá ni kámẹ́rà àkọ́kọ́. Bí a bá ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé iyàrá, tí a sì dá ihò kékeré kan lu sí ara ògiri, ìrísí ohun tí ó wà ní òde yóò hàn lára ògiri kejì, ní àdorí-kodò. Ní ìlú Ìlọrin, níbi tí ìmọ̀ èdè Lárúbáwá ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Ibn al-Haytham, ẹni tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ti fi èdè Lárúbáwá ṣàlàyé bí oòrùn tí òṣùpá bò lápá kan ṣe ń gba ihò kékeré wọlé, tí ìrísí rẹ̀ sì ń rí bí dòjé.

Nítorí pé ojú ènìyàn náà jẹ́ irú iyàrá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà ojú ni a ó fi sọ ẹ̀yà kámẹ́rà lórúkọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé “ojú kámẹ́rà” kí a dúró síbẹ̀, nítorí pé ojú ní ẹ̀yà púpọ̀.

Gíláàsì tí ń kó ìtànṣán jọ ni awò, ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ lára awò ojú. Kí a ṣọ́ ohùn rẹ̀: awò kì í ṣe awo, kì í sì í ṣe àwo. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí a lè mú fẹ̀ tàbí kí a mú kéré, ni ọmọlójú. Bí ọmọlójú ènìyàn ṣe ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ó sì ń súnkì nínú oòrùn, ni ti kámẹ́rà náà ṣe yẹ kí ó rí. Ohun tí ń ṣí, tí ó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ìgbà díẹ̀ ni ìpéǹpéjú. Fíìmù, tàbí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ nínú kámẹ́rà òde òní, ni agbàmọ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó dé tí a kò pe ìgbà tí ìpéǹpéjú fi là ní ìṣẹ́jú, nígbà tí ojú ń ṣẹ́. Ìdáhùn wa ni pé ìṣẹ́jú ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́: ìdá kan nínú ọgọ́ta wákàtí ni. Bí a bá tún gbé e wọ inú kámẹ́rà, a ti rú òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Ìyára ìpéǹpéjú ni kí a máa pè é, kí a sì máa fi ìṣẹ́jú-àáyá wọ̀n ọ́n.

4. Ìdá àti ààrò mẹ́ta

Ibí yìí ni èdè Yorùbá ti lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ jù lọ. Lára awò kámẹ́rà ni a máa ń rí àwọn nọ́ńbà bíi 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11 àti 16. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé 16 ni ihò tí ó fẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́: òun ni ó kéré jù nínú wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà náà kì í ṣe ìwọ̀n ihò. Ìdá ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe ibi tí ìtànṣán tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń pàdé lẹ́yìn awò ní ibùpàdé, kí a sì pe ìwọ̀n tí ó wà láàárín awò àti ibẹ̀ ní ìjìnnà ibùpàdé. Bí ìjìnnà yìí bá jẹ́ mìlímítà 50, ọmọlójú tí a kọ 2 sí jẹ́ ìdáméjì rẹ̀, èyí ni mìlímítà 25. Èyí tí a kọ 16 sí jẹ́ ìdámẹ́rìndínlógún, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 3. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdámẹ́wàá tí yóò sọ pé ó ju ìdáméjì lọ. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá kà á pé “ìdá mẹ́jọ” dípò “mẹ́jọ” lásán, àṣìṣe náà ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdá kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí a tò sókè yìí ń gba ìlàjì ìmọ́lẹ̀ tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ń gbà. Láti ìdá 2 dé ìdá 16, ìmọ́lẹ̀ ti dín kù ní ìlọ́po 64.

Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó: ìdá ọmọlójú, ìyára ìpéǹpéjú, àti agbára ìgbàmọ́lẹ̀, èyí tí a ń fi nọ́ńbà bíi 100, 200 àti 400 wọ̀n. Àbá wa ni pé kí a máa pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ní ààrò mẹ́ta, nítorí pé àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá sún ọ̀kan, a gbọdọ̀ sún òmíràn kí ìkòkò má baà dojú dé. Bí àpẹẹrẹ, bí ìdá 8 bá tọ́ pẹ̀lú 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá, ìdá 5.6 yóò tọ́ pẹ̀lú 1/250. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó wọlé, ṣùgbọ́n fọ́tò méjèèjì kò rí bákan náà: ti èkejì yóò mú ọmọ tí ń sáré dúró dáadáa, ṣùgbọ́n àyè tí nǹkan fi hàn gedegbe níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ yóò dín kù. Àyè yìí ni a pè ní àyè ìfarahàn.

5. Iyàrá òkùnkùn

Àwọn ayafọ́tò máa ń sọ pé àwọn ń “fọ fíìmù”. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n ó bo iṣẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Omi àkọ́kọ́ kò fọ ohunkóhun kúrò. Ó ń sọ iyọ̀ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn di fàdákà dúdú, kí àwòrán lè hàn. Omi kejì ń yọ iyọ̀ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò, kí fíìmù má baà dúdú tán bí a bá gbé e síta. Ẹ̀yìn èyí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi omi lásán fọ̀ ọ́. Kí a pe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ìfihàn, èkejì ní ìmúdúró, kí fífọ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀kẹta nìkan.

Fíìmù tí ó ti inú omi wọ̀nyí jáde, tí dúdú rẹ̀ jẹ́ funfun, tí funfun rẹ̀ sì jẹ́ dúdú, ni òdì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ènìyàn wọ ẹ̀wù lódì. Ẹ̀wù kan náà ni. Ojú rẹ̀ ni a yí padà.

Kámẹ́rà òde òní kò nílò omi. Ní 1975, Steven Sasson ṣe kámẹ́rà kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak tí kò lo fíìmù. Agbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ pín àwòrán sí ìlà 100 lọ́nà 100, èyí ni èérún 10,000, ó sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 23 kí ó tó kọ fọ́tò kan sílẹ̀. Èérún àwòrán ni orúkọ tí a dábàá fún ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Fóònù òde òní ń kó èérún tí ó tó mílíọ̀nù 12 jọ ní ìṣẹ́jú kan péré tí ojú ń ṣẹ́.

6. Ìdára fọ́tò

Nípa ìdára, a kò nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn baba wa ti ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dá ẹjọ́ ère. Robert Farris Thompson kó wọn jọ láti ẹnu àwọn Yorùbá tí ń ṣe lámèyítọ́ ère, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Lára wọn ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún àti ọ̀dọ́. Ní 1978, Stephen Sprague fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún pé irú ojú kan náà ni àwọn ènìyàn fi ń wo fọ́tò. Ó rí i níbẹ̀ pé fọ́tò lè dúró níbi tí ère ìbejì ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayafọ́tò a ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ òdì kan náà lẹ́ẹ̀méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ta ni yóò sọ pé à-wò-rántí kọ́ nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a pààlà sí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìfarahàn ni kí a máa lò fún bí ojú ìlà gbogbo ṣe hàn gedegbe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni àwọn fọ́tò irun dídì tí J. D. ʼOkhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1968, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìlà irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Dídán jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mọ̀nà lára àwọ̀ tàbí lára bébà. Gígún jẹ́ ti ìdúró àti ìjókòó. Jíjọra àti ọ̀dọ́ sì máa ń bá ara wọn jà. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ère lè sọ àgbàlagbà di ọ̀dọ́ láìṣẹ̀; ayafọ́tò àtijọ́ máa ń fi pẹ́ńsù tún òdì ṣe; fóònù òde òní sì ń dán ojú ènìyàn láìgba àṣẹ. Fún fọ́tò ìgbéyàwó, ọ̀dọ́ lè borí. Fún fọ́tò ìwé ìrìnnà, jíjọra ni òfin.

7. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí ní ṣókí:

Ayafọ́tò: ẹni tí ń fi kámẹ́rà ya àwòrán.
Awò: gíláàsì tí ń kó ìtànṣán jọ.
Ọmọlójú: ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ìdá ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Ìpéǹpéjú: ohun tí ń ṣí ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń dí i.
Agbàmọ́lẹ̀: fíìmù tàbí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀.
Ibùpàdé: ibi tí ìtànṣán ti ń pàdé.
Ààrò mẹ́ta: ìdá ọmọlójú, ìyára ìpéǹpéjú, agbára ìgbàmọ́lẹ̀.
Òdì: fíìmù tí dúdú àti funfun rẹ̀ pààrọ̀ ipò.
Èérún àwòrán: ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú fọ́tò tí kò lo fíìmù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ oníbàárà wa ní Basin. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má sọ pé fọ́tò rẹ̀ ṣe bàìbàì mọ́. Èdè rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ tí ó gbọ́ ọ gbọdọ̀ lè bi ara rẹ̀ ní Yorùbá pé: ṣé ìmọ́lẹ̀ kò tó ni, ṣé ìtànṣán kò pàdé ni, àbí ọmọ náà mì? Bí ó bá ti lè bi í, ó ti mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn lára kámẹ́rà. A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn àbá wọ̀nyí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí ó bá rọ̀ wọ́n lẹ́nu, kí a mú un. Èyí tí wọ́n bá ní tí ó dára ju tiwa lọ, kí a fi rọ́pò tiwa.