Bí Ẹni Tó Ń Lo Oògùn HIV Ṣe Lè Rí Ìrànwọ́ Ìjọba Gbà ní Àríwá Èkìtì

Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn HIV di ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì dé ilé ìwòsàn ní Ìdó, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oúnjẹ alẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ètò ìrànwọ́ ti wúlò.

Oògùn ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ má torí ìwé kankan pa á tì. Bí ara yín bá ti mókun, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n lè fún yín ní ti oṣù mẹ́ta pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa wọkọ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ki òwú bọ inú ike rẹ̀, kó má baà máa ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú àpò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pè é ní àrùn kògbóògùn. Ó ń gbóògùn. Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe NIN, kẹ́ ẹ sì ṣí àkáǹtì ní báǹkì. Ẹ rí i pé orúkọ méjèèjì bára mu. Owó 25,000 náírà tí ìjọba kéde fún àwọn aláìní lọ́dún 2023, NIN ni wọ́n padà so ó mọ́.

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wọ ìwé àwọn aláìní. Kò sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa lọ gbà. Ará ìlú ló ń yan ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ á pe ìpàdé ládùúgbò, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ilé tí ìṣẹ́ ń bá fínra jù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ká wọn mọ́lé láti bi wọ́n léèrè iye ọmọ, òrùlé, omi, oko. Ìṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í béèrè ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ má mú káàdì ilé ìwòsàn dání. Bó bá jẹ́ opó ni yín, ẹ sọ ọ́. Bí ojú bá ń tì yín láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ẹ lọ bá ìyá kan tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ṣáájú ìpàdé. Ó lè dárúkọ yín láìmọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé mì lálẹ́.

Ẹ tún béèrè ètò adójútòfò ìlera àwọn aláìní ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé wọ́ọ̀dù yín. Ibà àti oyún wà lára ohun tó ń tọ́jú.

Bí agbanisíṣẹ́ bá ní dandan àfi kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò HIV kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́, òfin ọdún 2014 tó dáàbò bo àwọn tó ní HIV kọ̀ ọ́. EKSACA, àjọ ìpínlẹ̀ lórí AIDS, ni kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó létí.

Ẹ má sì dá nìkan rìn. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo oògùn níbi tẹ́ ẹ ti ń gbà á. Bẹ́ ẹ bá tó mẹ́rin láti ọ̀nà Ìkọ̀lé, tí ilé ìwòsàn sì gbà, ẹnì kan lè lọ gbà á wá fún gbogbo yín lóṣù yìí, kí ẹlòmíràn lọ nígbà tó bá tún yí kàn.