Bí A Ti Ń To Ohùn Gìtá Sílẹ̀ Kí A Tó Jáde Síwájú Àwùjọ

Ní ìgbà ìkórè kan tí kò tí ì pẹ́ púpọ̀, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn akọrin, nítòsí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta gìtá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tìkára wa ti gbọ́ ọ nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí okùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin àkọ́kọ́ parí, tí ẹni tí ń darí orin sì dá orin pẹ̀lẹ́ kan, a rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń wá ohùn kan kiri nínú àpótí tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹsẹ orin kan kọjá, èkejì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tẹ bọ́tìnì kan, híhan kíkan kan sì jáde tí àwọn ìyá àgbà tí ó wà níwájú fi di etí wọn. Ó pa gìtá náà, ó sì jókòó títí orin fi parí.

Lẹ́yìn ìsìn a bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó fi àpótí náà hàn wá. Ohùn tí ó wà nínú rẹ̀ ju 200 lọ, gbogbo wọn sì wà ní ibi tí àwọn tí ó ṣe àpótí náà fi wọ́n sí. Mẹ́rin péré ni ó ń lò nínú wọn: ọ̀kan wà ní ipò 3, èkejì ní 37, ẹ̀kẹta ní 112, ó sì ti gbàgbé ibi tí ẹ̀kẹrin wà. A mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀ràn yìí bá. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta gìtá, àti fún àwọn olùkọ́ tí ń ṣe alábòójútó wọn, bí àwọn olùkọ́ náà kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan gìtá rí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn ẹni tí ń tẹ dùùrù ńlá yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Ẹni náà ní àwọn kókó tí ó ń fà jáde, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní láti fa mẹ́jọ kí ó sì ti mẹ́fà padà láàárín ẹsẹ méjì, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Nítorí èyí ni a ṣe fi àwọn bọ́tìnì kékeré sí abẹ́ àtẹ ọwọ́ àti sí itòsí ẹsẹ̀, kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè pe gbogbo ohùn tí ó ti tò sílẹ̀ jáde. Ohun kan náà gan-an ni àpótí oníná ń ṣe fún gìtá. Ohùn kọ̀ọ̀kan tí a bá tò, tí a sì fi pamọ́ sínú rẹ̀, ni àwọn tí ń lò ó ń pè ní preset. Àwa ó máa pè é ní àtòsílẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1962, nígbà tí Maestro Fuzz-Tone jáde ní Amẹ́ríkà, àpótí kan ni fún ohùn kan: bí a bá tẹ̀ ẹ́, gìtá a máa han, bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, a dákẹ́ híhan. Nígbà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ di márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí ilẹ̀, ẹni tí ń ta gìtá di oníjó tipátipá, nítorí ó lè ní láti tẹ mẹ́ta pọ̀ kí ẹsẹ orin kan tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń fi ètò pamọ́ dé. Ní ọdún 1983, ìlànà MIDI, tí ó mú kí ẹ̀rọ orin kan lè pàṣẹ fún òmíràn, fi àyè 128 sílẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Àpótí Helix tí ilé iṣẹ́ Line 6 mú jáde ní 2015 ní àyè 128 lọ́nà mẹ́jọ, èyíinì ni 1,024. Ta ni nínú wa tí ó mọ orin 1,024? Láti inú ọ̀pọ̀ yìí gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tò wọ́n. Èkíní ni kí orin kọ̀ọ̀kan ní àtòsílẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn bí orin yóò ti tẹ̀ lé ara wọn ní alẹ́ náà. Èkejì ni kí a to ohùn díẹ̀ tí yóò sin gbogbo orin. Ọ̀nà kìíní dára fún àwọn tí ètò orin wọn kì í yí padà, bí àwọn tí ń bá eré orí ìtàgé ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ orin jùjú mọ̀ pé olórin a máa ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn láìdúró, bí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ti ń gbé e. Kò sí ìwé ètò kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ní àkókò ọrẹ ìdúpẹ́: orin mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀ lè di mẹ́sàn-án, ìyá kan sì lè dá èyí tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ní ti irú ibẹ̀, ọ̀nà kejì ni àwa yàn, a kò sì ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ohùn mẹ́rin tó: mímọ́ gaara, èyí tí ó han díẹ̀, èyí tí ó han gan-an, àti èyí tí a fi ń dá orin nìkan. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ìkarùn-ún, kí ó kọ́kọ́ sọ orin tí yóò lò ó fún.

Kí olúkúlùkù wọn sì ní ibùjókòó tí kì í kúrò. Bí ohùn mímọ́ bá wà ní bọ́tìnì apá òsì lónìí, kí ó wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹsẹ̀ kò mọ̀wé. Ibi tí ó ti mọ́ ọn lára ni yóò lọ, pàápàá nígbà tí ojú bá wà lára ẹni tí ń darí orin. Ní ti orúkọ, àwọn orúkọ tí ó ti ilé iṣẹ́ wá sábà máa ń jẹ́ orúkọ ìṣògo tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ sì kọ 1 MIMO, 2 HAN DIE, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àpótí kò gba àmì ohùn wa. Ẹ máṣe jẹ́ kí ó bà yín nínú jẹ́.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ jù lọ ni bí ohùn ti pọ̀ tó, a ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ohùn tí a tò nílé kì í rí bákan náà lóde. Ẹni tí ń ta gìtá a máa to tirẹ̀ ní alẹ́, nínú yàrá, pẹ̀lú ìró tí kò ní jí ọmọ tí ń sùn. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Fletcher àti Munson, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí etí ti ń gbọ́ ìró. Wọ́n fi hàn pé nígbà tí ìró bá kéré, etí kì í gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ àti ti òkè pátápátá dáradára bí ó ti ń gbọ́ ti àárín; bí ìró bá sì ti ń pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ náà a máa dín kù. Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Nínú yàrá, ó fi kún ìsàlẹ̀, ó fi kún òkè, ó sì yọ àárín kúrò, ó sì dùn létí rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé iwájú àwùjọ, ìsàlẹ̀ ń bá gìtá oníbáàsì àti ìlù jà, òkè ń gún ènìyàn létí, àárín tí a fi ń dá gìtá mọ̀ láàárín àwọn yòókù sì ti lọ.

Ohùn tí ń han ní ẹ̀tàn mìíràn. Híhan a máa tẹ ìró pẹrẹsẹ, tí kò fi ní òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́. Nítorí náà ó dà bí ẹni pé ó tóbi nígbà tí a bá dá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ìlù bá dé, a kì í rí i mọ́. Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ orin pé ní ọjọ́ ìdánrawò, nínú ilé náà gan-an, pẹ̀lú ìlù, kí ìró sì pọ̀ tó bí yóò ti rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí ẹni kan tí etí rẹ̀ ṣe é gbára lé dúró láàárín àga àwọn ènìyàn. Kí a kọ́kọ́ fi ohùn mímọ́ ṣe ìwọ̀n, kí a sì mú àwọn yòókù bá a dọ́gba lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a fi ń dá orin nìkan ni kí ó ga jù ú lọ ní ìwọ̀n dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 3, tàbí díẹ̀ sí i. Bọ́tìnì ìjáde ìró tí ó kẹ́yìn ni kí a yí, kì í ṣe èyí tí ń mú gìtá han, nítorí èyí a máa yí ìwà ohùn náà padà.

Nínú ọ̀pọ̀ àpótí, bí a bá ti inú àtòsílẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ìdákẹ́ kékeré kan a máa wà, ìró tí ń padà bọ̀ bí ìgbà tí àpáta bá ń dáhùn a sì gé lójijì. Nínú orin kíákíá kò ṣe nǹkan. Nínú orin pẹ̀lẹ́ gbogbo ènìyàn a gbọ́ ọ. Nítorí náà, níbi tí àpótí bá fi àyè sílẹ̀, ó sàn kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àtòsílẹ̀ kan ṣoṣo bí ìpín rẹ̀. Helix ń pè wọ́n ní snapshot, mẹ́jọ ni ó sì fi sínú àtòsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìró tí ń padà bọ̀ yìí, àwọn olùkọ́ ìṣirò lè ran àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá 60,000 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí orin bá ń lù ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ pín 60,000 sí 100: 600 ni ìlù kan. Bí a bá to ìdáhùn náà sí 600, yóò bọ́ sórí ìlù gan-an. Bí a bá to o sí 450, tí í ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, yóò máa jó láàárín ìlù. Ṣùgbọ́n onílù ènìyàn ni, kì í ṣe aago. Ibi tí bọ́tìnì bá wà tí a lè fi ẹsẹ̀ lù bá a rìn, òun ni kí a lò.

Ó ku ọ̀ràn iná. Gbogbo àyípadà tí a bá ṣe tí a kò sì fi pamọ́, bí iná bá lọ, ó bá iná lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì dáhùn kíá, àpótí náà kì í jí kíá. Òmíràn gba ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orin kì í sì í dúró dè é. Kí okùn kan wà nítòsí tí a lè fi so gìtá mọ́ áḿpù tààrà. Kí ẹ̀dà gbogbo àtòsílẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnìkan, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é lára orúkọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ìkórè náà ti ṣe èyí. Ẹ̀dà tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin, ohùn mẹ́rin sì ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé híhan kíkan ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ní ipò tí ó kẹ́yìn pátápátá, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Yàrá rẹ̀ ni ó ti ń lò ó.