Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀rọ ilé lóde òní kì í wo ilé kankan. Ìpolówó ni wọ́n ń wò. Wọ́n á rí ọkùnrin kan nínú fídíò tó nà gbalaja sórí àga, tó ní kí iná kú, iná kú. Tó ní kí orin bẹ̀rẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Fídíò náà kò sọ bóyá ìyá àgbà ń gbé inú ilé yẹn, bóyá NEPA máa ń mú iná lọ níbẹ̀, tàbí ta ló ń ra dátà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí àtidìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ pa iná ti di iṣẹ́ ńlá fún, kì í ṣe fàájì ló ń fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ tó lè béèrè aago, tó lè pe ọmọ rẹ̀, láìtáràrà wá fóònù kiri. Ohun tí mò ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kò bá dáhùn, kí ilé ṣì lè máa jẹ́ ilé.

Ọjọ́ náà kò sì ní ṣaláì dé. Echo tí Amazon gbé jáde lọ́dún 2014 pẹ̀lú Alexa nínú rẹ̀, àti Google Home tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2016, dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, àmọ́ tí kì í jẹ́ iṣẹ́ kankan láìkọ́kọ́ sáré lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun. Orúkọ rẹ̀ ló dá mọ̀. Bí ẹ bá ti pè é, tó jí, gbólóhùn tó kù tí ẹ sọ, íntánẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń gbé e lọ bá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ohun tí ẹ wí, ibẹ̀ ni àṣẹ sì ti ń padà wá bá gílóòbù tó wà lókè orí yín gan-an.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́mú-rẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ san owó ẹ̀rọ o, àmọ́ làákàyè rẹ̀, àgbàbọ̀ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Gbogbo wa la rí bí iṣẹ́ báńkì ṣe dojú rú ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti so iná yàrá rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ òkèèrè wà nínú ewu kan náà. Kò yọ ẹni tó ń gbé lókè òkun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn kọ̀ǹpútà Amazon ní ìpínlẹ̀ Virginia dákẹ́, Alexa dákẹ́, àwọn kámẹ́rà Ring dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn tó ra bẹ́ẹ̀dì Eight Sleep, èyí tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì mú ara rẹ̀ tutù tàbí gbóná, ráhùn pé bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́ràn mọ́. Bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹní tí bàbá wa sùn lé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan ní Virginia.

Ìyẹn kàn jẹ́ ọjọ́ kan péré. Ọ̀gá lè kú tàbí kó yí ọkàn padà. Ilé iṣẹ́ Nest, tí Google ti rà, ra Revolv lọ́dún 2014. Revolv ló ń ṣe àpótí kan tó ń so gbogbo ẹ̀rọ inú ilé pọ̀; nǹkan bí 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, àpótí tó wà nílé àwọn èèyàn sì di òkúta. Ti Insteon, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tún burú jù bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, àwọn oníbàárà jí, wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti dákẹ́ láìdágbére. Àwọn kan lára àwọn oníbàárà náà ló padà dáwó jọ, tí wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n jí i dìde. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àtitan iná pálọ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ bi í pé: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé yóò ṣì gba àṣẹ láti inú ilé? Àwọn kan ń gbà á. Èyí tí wọ́n bá kọ Matter sí lára páálí rẹ̀, ìlànà tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 tí Amazon, Apple àti Google jọ fọwọ́ sí, a máa lè bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé láìgba òkè òkun kọjá. Bí ẹni tó ń tajà kò bá mọ ìdáhùn, àṣàyàn yín ni. Èmi ò ní san owó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Gílóòbù olóye, èyí tó ń gba àṣẹ lẹ́nu tàbí lórí fóònù, ń fẹ́ kí síwíìṣì ara ògiri wà ní títàn nígbà gbogbo. Ẹ ṣàlàyé fún gbogbo ará ilé, gbogbo wọn á gbà. Tó bá di alẹ́, ìyá àgbà á tẹ síwíìṣì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti mọ iná ìjọba, gílóòbù á kú fin-ín, ẹ sì lè máa pe Alexa títí di àárọ̀. Ìyá kò ṣẹ̀. Ilé tí arúgbó ti ní láti gba ẹ̀kọ́ kó tó lè pa iná sùn kò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fi gílóòbù lásán sílẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ síwíìṣì ara ògiri sí èyí tó gbọ́ ọwọ́ tó sì gbọ́ ohùn. Àmọ́ kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ tú àpótí síwíìṣì wò, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń béèrè wáyà neutral, ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́ kò sì ní in níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, wàhálà mìíràn wà lára àwọn gílóòbù olóye náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí iná bá lọ tó bá padà dé, ńṣe ni wọ́n á tàn fúnra wọn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. NEPA mú iná wá láago méjì òru, yàrá mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, ọmọ jí, ó figbe ta. Inú áàpù rẹ̀ lẹ ó ti tún un ṣe: ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí gílóòbù yóò ṣe nígbà tí iná bá dé, kí ẹ ní kó wà bó ṣe wà kí iná tó lọ. Kí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa bá iná lọ, ẹ fi rọ́tà sórí ínfátà bí ẹ bá ní in. Ẹ sì ka ara pulọ́ọ̀gì olóye kí ẹ tó ki nǹkan bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ 10A sí lára kò lè gbé ju nǹkan bíi 2,300 wáàtì lọ, ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Pulọ́ọ̀gì tó bá yọ́ kò ní dúró de àṣẹ kó tó jó kọ́tìnì.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn èèyàn inú ilé náà wàyí. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ agbọ́hùn ilé iṣẹ́ márùn-ún wò: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ, nǹkan bíi 35 ni ẹ̀rọ gbọ́ sódì; ti aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bíi 19. Bí wọ́n bá lè máa ṣi ọmọ onílẹ̀ gbọ́ báyìí, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé sí Houston láti wá wẹ ọmọ fún ọlọ́mọ ńkọ́? Alexa kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá á pe iná títí, iná ò ní dá a lóhùn, ojú á sì máa tì í nínú ilé ọmọ rẹ̀. Bọ́tìnì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà lọ́jà. Ẹ ra ìyẹn fún ìyá.

Àwọn ọmọdé ní tiwọn, kíá ni ẹnu wọn máa ń mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ọmọ tó ń jágbe mọ́ ohùn obìnrin kan láàárọ̀ pé “pa iná!”, tí ohùn náà ń dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, lè fi ohùn kan náà pe ìyá rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àwọn òbí òyìnbó náà kígbe, débi pé lọ́dún 2018 Amazon àti Google fi ètò kan sínú ẹ̀rọ wọn tó ń yin ọmọ tó bá ní “jọ̀ọ́”. Ẹ tan ètò náà o, àmọ́ ẹ má fi ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ fún un.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìròyìn tọkọtaya kan ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, gba ayé kan. Ọ̀rọ̀ pákó ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń sọ. Echo wọn gbà á sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ ní Seattle. Amazon gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ rò pé wọ́n pe orúkọ òun, ó tún rò pé wọ́n ní kóun fi iṣẹ́ jẹ́, ó béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fi í rán sí, ó tún ṣi ìyẹn náà gbọ́. Orí ló kó wọn yọ pé pákó ni wọ́n ń sọ. Ká ní ìpàdé ẹbí lórí ogún bàbá ni ńkọ́?

Kì í ṣe àṣìgbọ́ nìkan. Lọ́dún 2019 ló hàn sí gbogbo ayé pé àwọn òṣìṣẹ́ Amazon, Google àti Apple máa ń fi etí ara wọn gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n lè fi tún un ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà kéde pé Amazon yóò san mílíọ̀nù 25 dọ́là lórí ohùn àwọn ọmọdé tó ń tọ́jú pa mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn Echo kan ṣì ní ibi tí onílé ti lè ní kí wọ́n má fi ohùn òun ránṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, Amazon yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, bọ́tìnì tó ń di ẹ̀rọ náà létí ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣeré orin. Bí iná pupa bá yí Echo ká, kò gbọ́ yín. Ẹ di í létí bí àlejò pàtàkì bá dé, bí ọ̀rọ̀ owó tàbí ti àìsàn bá ń lọ. Kó má wọ yàrá tọkọtaya rárá. Ẹ sì fi kóòdù dí rírà ọjà, torí ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní Dallas ti fi ẹnu lásán ra ilé bèbí àti bísíkíìtì lọ́wọ́ Alexa, ìtàn tó di ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017.

Ti kámẹ́rà kò gùn lẹ́nu mi. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àjèjì kan gba inú kámẹ́rà Ring bá ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Mississippi, ó ní òun ni Bàbá Kérésì. Ring ní wọn kò já ilẹ̀kùn àwọn. Páásíwọọ̀dù tí èèyàn ń lò níbi púpọ̀ ni irú àwọn ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ ń jí lò. Kí páásíwọọ̀dù kámẹ́rà yàtọ̀ sí ti gbogbo nǹkan yòókù, kí áàpù rẹ̀ máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, kí kámẹ́rà má sì sí níbi tí èèyàn ti ń bọ́ṣọ. Ní ìta náà, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí géètì yín. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, adájọ́ kan ní Oxford dá aládùúgbò kan láre lórí kámẹ́rà àti agogo ẹnu ọ̀nà tó ń wo ilé rẹ̀ tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Manchester tẹ́ ẹ ń kọ́lé sí Ṣágámù, kámẹ́rà onísóólà tó ń lo síìmù dára fún yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Yóò fi àpò símẹ́ǹtì tó wọlé hàn yín. Kò ní fi hàn yín bóyá yanrìn ti pọ̀ jù nínú àpòpọ̀. Ẹ ṣì nílò ẹnì kan tó lè fi ọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kó rí i bóyá ó ń rún.

Èyí tó kù ni ti tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ olóhùn tó ń dé Alaba àti Computer Village ṣì wà lórí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Òmíràn nínú wọn kò ní gbọ́ ti ẹni tuntun láéláé. Òmíràn á gbọ́ tiyín, á sì tún máa gbọ́ ti olówó rẹ̀ àtijọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú yín, kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ yín wọlé sórí rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ní kí ẹ lọ ṣe é nílé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.