Ilé Gbígbé àti Ọjà Níná n'Íbàdàn

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú oríire. Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé Yunifásítì Ìbàdàn ti gbà ọ́ wọlé. Àmọ́ ó ní ejẹ́ǹtì kan ti bá ọ wá yàrá sí Mọ́níyà, o sì fẹ́ gbà á torí pé ó pọ́ọ́kú. Ìyẹn ló mú mi kọ̀wé sí ọ.

Bí wọ́n bá fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì ní Queen Idia, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin inú ọgbà, gbà á, kódà bí ẹ bá há jọ síbẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, Àgbowó ni kí o kọ́kọ́ wò. N kò ní purọ́ fún ọ, ariwo ibẹ̀ pọ̀, àwọn ilé sì fún mọ́ra. Ṣùgbọ́n títì lo máa sọdá, o ti dé géètì nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Mọ́níyà á wọ takisí Máíkírà láàárọ̀, á tún wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ ọn ní láíbìrì, ọkàn ìyá rẹ ò ní balẹ̀. Ro owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé ná, kí o tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Má wo ilé lẹ́ẹ̀kan péré. Padà lọ lẹ́yìn òjò. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 wó ilé, ó gbé afárá lọ, omi ya wọ inú ọgbà Yunifásítì pàápàá. Àwọn tí ojú wọn rí àkúnya odò Ògùnpa lọ́dún 1980 kò sì tíì gbàgbé. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀, kí o wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa. Ibi tí omi bá ti dé rí, ọ̀dà ibẹ̀ á máa wú, á máa ṣí, bí wọ́n tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Àwọn ayálégbé ni kí o bi bóyá kànga máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, má bi onílé.

Ní ti oúnjẹ, ọjà Bódìjà ni. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹ̀wà àti àlùbọ́sà Òkè Ọya, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín ti ń lọ kó o. Kí ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé dáwó jọ, kí ẹ ra gàárì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Má jẹ́ kí orí kóńgò tàn ọ́ jẹ o. Àwọn kan ti lu ìdí tiwọn wọnú, wọ́n á wá máa bu ẹ̀wà lé e gegere bí ẹni ń ṣe ọ́ lóore. Gba kóńgò náà, dojú rẹ̀ dé, kí o fọwọ́ pa ìdí rẹ̀. Bí ìyá ọlọ́jà bá torí ìyẹn bínú, kọjá sí ìsọ̀ mìíràn. Èyí tó bá wọn ọjà tọkàntọkàn, di oníbàárà rẹ̀, á máa fún ọ léènì.

Tábìlì àti fáànù, ra tàwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Sílíńdà gáàsì nìkan ni kí o ra ní tuntun.

Ejẹ́ǹtì yẹn á sọ pé ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó. Jẹ́ kó san án. Mò ń bọ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ wá ilé náà. Kí n tó dé, jọ̀wọ́ ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Ìyá Ìbejì