Kí Tirela Tó Gbéra

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, ọjọ́ Àìkú, kọ̀ntéénà kan já bọ́ láti orí tirela ní Ojúẹlẹ́gbà, ní ìlú Èkó, ó sì wó lu bọ́ọ̀sì akérò kan. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọmọdé sì wà lára wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntéénà mìíràn ti já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà kan náà lu ọkọ̀ jíìpù, èèyàn mẹ́ta sì bá a lọ. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ayé máa ń bú pé ó sáré jù. Eré burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù tí kò bá lè dúró lórí ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti gbé e sókè ni ọ̀ràn rẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró jẹ́ẹ́, tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Nínú orí ìwé yìí, ẹrù tó ṣòro í gbé ju kọ̀ntéénà lọ ni a ó wò: katapílà. Kọ̀ntéénà ní ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ́kọ́rọ́ irin tó wà lórí tirela máa ń wọ inú ihò wọ̀nyí, wọ́n á yí i, á sì há. Katapílà kò ní irú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ lókè sì lè yí bírí. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ di ohun kan ṣoṣo pẹ̀lú tirela kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Irú èyí tó ní ọwọ́ gígùn tó fi ń gbẹ́ ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹskavétọ̀, sábà máa ń wúwo tó tọ́ọ̀nù 20 sí 22. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000, àpò sìmẹ́ǹtì kan sì jẹ́ kílò 50. Ẹskavétọ̀ tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 20 wúwo tó 400 àpò sìmẹ́ǹtì. Lóbẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń gbé e, ìyẹn tirela tí pẹpẹ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ẹrù bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe máa ń tètè dojú dé tó.

Síso orí mọ́ ara

Apá méjì ni ọkọ̀ tirela ní. Orí ni ibi tí ẹ́ńjìnnì àti dẹ́rẹ́bà wà. Ara ni ibi tí ẹrù ń jókòó sí, òun gan-an là ń pè ní tirela níbí. Lábẹ́ iwájú ara yìí, irin kúkúrú kan yọ sísàlẹ̀. Kíńgípíìnì ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò fẹ̀ ju ínṣì méjì lọ. Ti àwọn lóbẹ́ẹ̀dì ńláńlá lè fẹ̀ tó ínṣì mẹ́ta àbọ̀. Irin yìí ni orí fi ń fa gbogbo ẹrù náà. Ní ẹ̀yìn orí ọkọ̀, àwo irin ńlá kan wà tó ní ẹnu, ẹnu yẹn ló sì ń pa dé mọ́ kíńgípíìnì lọ́rùn.

Kí dẹ́rẹ́bà tó fi ẹ̀yìn bọ̀, kí mọ́tòbọ́ì kọ́kọ́ fi wéèjì há táyà tirela níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí ó wo bí iwájú tirela ṣe ga tó. Ó yẹ kó relẹ̀ díẹ̀ ju àwo náà lọ, kí àwo fúnra rẹ̀ gbé e sókè bó ṣe ń wọlé. Bí tirela bá ga jù, kíńgípíìnì lè gun orí àwo láìwọ ẹnu rẹ̀. Lójú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, ó ti so pọ̀. Ọkọ̀ lè fà á rìn jìnnà, kó tó di pé ó bọ́ níbi tí táyà ti kó sí kòtò.

Nítorí náà, bí mọ́tòbọ́ì bá gbọ́ gbàù, tó sì pariwo pé, “Ọ̀gá, ó ti há!”, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí dẹ́rẹ́bà fa hàńbíréèkì, kó pa ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n wá fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo kankan láàrin àwo àti abẹ́ tirela. Ẹnu àwo gbọ́dọ̀ ti pa dé yí ọrùn kíńgípíìnì ká, kì í ṣe orí rẹ̀. Ọwọ́ irin tó ń ti ẹnu náà gbọ́dọ̀ ti wọlé tán. Nígbà náà ni dẹ́rẹ́bà yóò fi jíà kìíní fà á díẹ̀, nígbà tí bíréèkì tirela ṣì dì, láti mọ̀ bóyá yóò bọ́. Àwọn kan gbà pé fífà yìí nìkan ti tó. Kò tó o. Kíńgípíìnì tó kàn fi ara kọ́ náà lè dúró bí a bá rọra fà á. Ojú ló ń rí i dájú.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ méjì ló ti orí lọ sí ara. Èyí tó pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ tó ń tú bíréèkì tirela sílẹ̀. Èkejì, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tàbí búlúù, ló ń mú kí bíréèkì tirela ṣiṣẹ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: síprìnǹgì líle ló ń di táyà mú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, afẹ́fẹ́ ló ń ti síprìnǹgì náà sẹ́yìn kí táyà lè yí. Bí rọ́bà pupa bá já lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á tán, bíréèkì á sì di táyà mú fúnra rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé mẹkáníìkì fi bóòtì gígùn fa síprìnǹgì yìí sẹ́yìn nítorí pé afẹ́fẹ́ ń jò, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún á rìn dáadáa. Ìgbà tó bá yẹ kó dúró ni wọn yóò mọ ohun tí wọ́n ti yọ kúrò lára rẹ̀.

Kí dẹ́rẹ́bà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí aago afẹ́fẹ́ yóò fi wà láàrin 100 sí 120 psi. Kí ó pa á, kí ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ṣíìì níbikíbi, afẹ́fẹ́ ń jò, kò sì gbọdọ̀ gbéra. Ẹ̀yìn èyí ni wọn yóò ká ẹsẹ̀ tirela sókè, tí wọn yóò wo iná ẹ̀yìn àti iná bíréèkì, tí wọn yóò sì yọ wéèjì kẹ́yìn.

Katapílà gun orí ọkọ̀

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le, ni ibi ìgbẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ títì tí òjò ti rọ̀ sí kì í ṣe ibi tó dára, bó tilẹ̀ rọrùn. Bí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá rì díẹ̀, pẹpẹ á fì, katapílà tó ń gùn ún á sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Irin lórí irin máa ń yọ̀. Ẹsẹ̀ katapílà jẹ́ irin, pẹpẹ náà sì jẹ́ irin. Bí ẹrẹ̀ tàbí gírísì bá tún wà láàrin wọn, kò sí ohun tó ń di ẹ̀rọ náà mú rárá. Ẹ ha ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ katapílà, ẹ gbálẹ̀ pẹpẹ, kí ẹ sì tẹ́ pákó tàbí rọ́bà táyà àlòkù sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, kì í náni lówó, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fò jù.

Ẹni tó ń wa katapílà gbọ́dọ̀ di bẹ́líìtì ìjókòó. Kí ó jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀rọ náà wà níwájú, kó sún mọ́ ilẹ̀, kí ó lè tètè fi gúnlẹ̀ bí ohunkóhun bá yẹ̀. Kò gbọdọ̀ yí ara katapílà bírí lórí àtẹ̀gùn irin tó ń gbà gun pẹpẹ tirela, nítorí pé irin wíwúwo kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè fà á ṣubú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ júwe fún un. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ dúró sí iwájú níbi tí ó ti lè rí ojú rẹ̀, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ tó ń wòran gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Níbo ni kí ó jókòó sí? Bí ìwúwo bá pọ̀ jù ní ẹ̀yìn, iwájú tirela á fúyẹ́, táyà tó ń fa ọkọ̀ kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́, tirela á sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ó bá pọ̀ jù níwájú, gbogbo rẹ̀ á wọ̀ lórí táyà orí. Ibi tó dára ni kí ìwúwo pín sórí àwo àti táyà ẹ̀yìn, kí ẹ̀rọ náà sì wà láàrin gbùngbùn láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ẹskavétọ̀ wúwo gan-an. Àárín tí ojú rí lè máà jẹ́ àárín ìwúwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀bù fa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré tàbí jẹnẹrétọ̀ onítáyà náà. Nínú ìwúwo ohun tó ń fà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ ibi tí ó ti so mọ́ ọkọ̀. Kí píìnì tí wọ́n fi so ó ní irin tó ń tì í kí ó má fò jáde, kí ṣéènì méjì sì kọjá ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Okùn kì í ṣe ohun ìfa ẹ̀rọ.

Ìdè

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá fún bíréèkì, ọkọ̀ ló ń dúró. Ẹrù ṣì fẹ́ máa lọ. Ìwúwo kò dá a dúró. Bí ó bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń tì í síwájú ṣe pọ̀ tó. Òfin Amẹ́ríkà lórí ìdè ẹrù ní kí ohun ìdè lè kojú agbára tó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwúwo ẹrù náà síwájú. Fún ẹskavétọ̀ tọ́ọ̀nù 22, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù 17 lọ. Ẹni tó bá sọ pé “ó wúwo, kò lè kúrò” kò tíì rí ibi tí tirela ti dúró lójijì.

Òfin kan náà ní kí ṣéènì má dín ní mẹ́rin fún irú ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n sì de ọwọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣéènì kan fún igun kọ̀ọ̀kan: méjì fà á síwájú, méjì fà á sẹ́yìn. Ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sàmì sí ni kí wọ́n ti so ó, kì í ṣe ara páìpù tàbí àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n fi ń gùn ún. Ṣéènì ìdẹ́rù tó dára máa ń ní nọ́ńbà lára. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 70, tí irin rẹ̀ nípọn tó ìdajì ínṣì, iṣẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún. Ṣéènì tí kò ní àmì kankan, ẹnikẹ́ni kò mọ agbára rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ ti nà tàbí tí wọ́n ti jó pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wẹ́ńdà, kí wọ́n jù ú nù. Kí wọ́n sọ ọwọ́ katapílà kalẹ̀ sórí pákó, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì ti ara rẹ̀ lókè kí ó má lè yí.

Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá wọn gíga ẹrù náà láti ilẹ̀ títí dé ibi tó ga jù, kí dẹ́rẹ́bà sì kọ iye náà síbi tí ojú rẹ̀ á máa rí i. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti wáyà iná kò ní yà fún un.

Lójú títì, òfin ìrìnnà Nàìjíríà fi kìlómítà 60 ní wákàtí kan ṣe òpin eré tirela ní márosẹ̀, 45 láàrin ìlú. Ó nídìí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà ti bọ́ sí jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú. Bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ láìdáwọ́dúró á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí ìròyìn sọ pé bíréèkì rẹ̀ kùnà ṣubú ní ìdàgẹ̀rẹ̀ afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó. Ó gbiná, ọkọ̀ tó ju 50 lọ ló sì jóná.

Ṣéènì máa ń dẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti jókòó dáadáa. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn lè dúró ní Ògèrè, níbi tí àwọn tirela máa ń pọ̀ sí, kí ó yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, kí ó fún gbogbo ṣéènì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì fọwọ́ kan táyà bóyá èyíkéyìí gbóná jù.

Bí ẹ bá dé, ẹ wo katapílà kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bó bá dúró bí wọ́n ṣe gbé e kúrò nílé, kí ẹni tó ń tú ṣéènì dúró sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé irin ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi fún ṣéènì náà le máa ń ta padà pẹ̀lú agbára. Bó bá ti fì, ṣéènì yẹn nìkan lè jẹ́ ohun tó ṣì ń dì í mú. Kí wọ́n má tú u títí wọn yóò fi rí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò gbé ìwúwo náà dúró.