Ẹ Gbọ́ Kí Ẹ Tó Kà: Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ Nínú Ánímè

Nínú Demon Slayer, ánímè tí ilé iṣẹ́ ufotable bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní oṣù Kẹrin 2019, Tanjiro, akọni ìtàn náà, wọ ilé kan tí ànjọ̀nú onílù fi ṣe ibùgbé. Egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ nínú ìjà tó jà ṣáájú, gbogbo ara ló ń ro ó, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun á fara dà á nítorí pé chōnan lòun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá ní ìsàlẹ̀ àwòrán á ní ọmọkùnrin tó dàgbà jù ni. Ẹni tó bá wá ń fi Yorùbá ròyìn ìran náà fún ẹlòmíì á sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, tàbí kó sọ pé “àkọ́bí.” Kò parọ́, àmọ́ kò sọ ohun tí Tanjiro sọ. Àkọ́bí lè jẹ́ obìnrin. “Ọmọkùnrin tó dàgbà jù” wulẹ̀ ń ka ọdún ni. Ọ̀rọ̀ tí àwa ní fún ọmọkùnrin tí ẹrù ilé bàbá já lé léjìká ni dáwódù. Bàbá Tanjiro ti kú, òun ló ń ta èédú láti fi bọ́ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀, nígbà tí Muzan, olórí àwọn ànjọ̀nú, sì pa wọ́n tán, Nezuko àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ẹ sọ pé ó ń fara dà á nítorí pé òun ni dáwódù, kò sí ẹni tó dàgbà sí agbo ilé Yorùbá tí yóò béèrè àlàyé. Èdè Japan ní ọ̀rọ̀ náà, Yorùbá ní in, èdè tó dúró láàárín àwọn méjèèjì ni kò ní in. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ń fi Yorùbá sọ ìtàn ánímè kò gbọdọ̀ túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ojú rẹ̀ ń kà. Ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ni kó túmọ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọ̀wọ̀ àti ipò.

Ẹ wo ti ọmọ ìyá. Àwọn ará Japan ní ani fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ane fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, otōto fún àbúrò ọkùnrin, imōto fún àbúrò obìnrin. Àwa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sí akọ àti abo, kò sì bìkítà ẹni tó kọ́kọ́ dé ayé. Èyí tó wá burú jù ni pé nínú ánímè, àbúrò kì í sáà dédé pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onii-chan ló máa ń sọ fún ọkùnrin, onee-chan fún obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ló lè pe àbúrò lórúkọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ àwòrán á yọ onii-chan yẹn kúrò, wọ́n á fi orúkọ ẹni náà rọ́pò rẹ̀, torí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ pé “ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá.” Bí ọmọ Yorùbá bá wá gba orúkọ lásán yẹn bó ṣe wà, tó sì mú un wọ inú Yorùbá, àbúrò tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àwòrán ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ nínú ìròyìn tiwa nìyẹn. Kí ẹni náà sọ pé “ẹ̀gbọ́n mi,” tàbí “bùrọ̀dá mi” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ó ti bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n Frieren: Beyond Journey’s End, tó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣàn Japan ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2023, ni mo rí pé ó dán èdè wa wò jù lọ. Frieren jẹ́ ẹ̀yà elf, àwọn tí ẹ̀mí wọn gùn fíìfíì ju ti ènìyàn lọ. Ó ti lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ju ti ọmọdébìnrin lọ. Fern, ọmọ òrukàn ogun tí àlùfáà Heiter tọ́, ló ń kọ́ṣẹ́ idán lọ́dọ̀ rẹ̀. Frieren kì í lè jí láàárọ̀. Fern ló ń jí i, òun ló ń bá a túnra ṣe, òun náà ló ń bá a wí bó bá tún ki orí bọ inú àpótí tó jẹ́ pé ẹranko ló di àpótí. Síbẹ̀, bí inú bá ń bí i tó báyìí, “Frieren-sama” ló ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀ kúrò ní ipò ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan á rò pé ọmọ kan ń jágbe mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Yorùbá mọ ìbáwí onírú yìí dáadáa. A mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín “o ò ṣe dáadáa” àti “ẹ ò ṣe dáadáa”; èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà míì, torí ẹni tó sọ ọ́ kò já okùn ọ̀wọ̀, kò sì fún ẹni tó ń bá wí láyè láti bínú. Fern jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, Frieren sì jẹ́ ọ̀gá. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń pe ẹni tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ láti Ìbàdàn dé Kútọnu, ọ̀gá mi ni. “Ọ̀gá mi, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́, oúnjẹ yín ti ń tutù”: bí Fern ṣe yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí a bá kọ ọ́ pé “Frieren, ẹ dìde, oúnjẹ rẹ ti ń tutù,” àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Orúkọ lásán kò bá “ẹ” rìn. “Ẹ” kò sì bá “rẹ” rìn. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ” gbọ́dọ̀ fi “yín” parí rẹ̀, mo sì ń rí i pé àwọn òǹkọ̀wé ìwòyí ń da méjèèjì pọ̀ láìfura. Òfin kan tún wà fún asọ̀tàn. Tó bá ń sọ ti Frieren lẹ́nu ara rẹ̀, “ó” ló tọ́, torí asọ̀tàn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Àmọ́ tí Fern bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún Stark, jagunjagun tó ń bá wọn rìn, “wọ́n” ni: “Ọ̀gá mi ṣì ń sùn, ẹ má jí wọn.” Ẹni tó bá fi “wọ́n” gba gbogbo ìtàn já, òǹgbọ́ kò ní mọ ìgbà tí ènìyàn kan ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n pọ̀.

Àwọn kan á ta kò mí níbí pé ọjọ́ orí nìkan ni ọ̀wọ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, nígbà tí ti Japan ń wo ipò àti ìgbà tí ènìyàn wọ ẹgbẹ́. Pé Fern àti Stark kò ju ara wọn lọ tó nǹkan, síbẹ̀ Fern ń pè é ní Stark-sama. Pé “ẹ” kò ṣeé fi sẹ́nu ẹgbẹ́ fún ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo agbo ilé tiwa kí á tó gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá wọ ilé ọkọ a máa bọ̀wọ̀ fún gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé náà, títí kan èyí tó tó ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kì í pe orúkọ wọn. Orúkọ àlàjẹ́ ló ń fún wọn, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Ìyálé náà kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn orogún. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó kejì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ohun tí senpai jẹ́ nínú gbogbo ánímè ilé ẹ̀kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó ṣáájú wọlé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tiwa náà ní in, sínọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọmọ kíláàsì kìíní kò sì gbọdọ̀ pe sínọ̀ lórúkọ lásán bó tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nítorí náà “ẹ” tí Fern ń sọ fún Stark kò ṣàjèjì. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Fern kò, tí Stark kò tíì wá ẹ̀bùn kankan, tí ọmọbìnrin náà bínú dọ́ba, ìbínú náà dùn ún gbọ́ gan-an nítorí pé ó fi -sama bínú. Ẹ mú “ẹ” kúrò níbẹ̀, ìran náà á di ìjà ọmọdé.

Ibi tí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ èdè ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù ni ibi tí akọni ìtàn ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀wọ̀ sílẹ̀. One Piece, tó ti wà lórí tẹlifíṣàn láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 1999 tí kò sì tíì parí, dá lórí Luffy, ọmọkùnrin tó ń bá ọba sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀. Omae ló ń pe gbogbo ènìyàn. Ojú á fẹ́ tì wá láti kọ “ìwọ” síwájú ọba, ọwọ́ wa á fẹ́ kọ “Kábíyèsí, ẹ.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpayà tó máa bá òǹgbọ́ Yorùbá nígbà tí Luffy bá sọ “ìwọ” fún ọba ni òǹkọ̀wé rẹ̀, Eiichiro Oda, fẹ́ kó bá òǹgbọ́ Japan. Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá ìpayà yẹn sílẹ̀ láé, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún ọba àti ẹrú. Sanji, alásè ọkọ̀ wọn, ní tirẹ̀, ń pe Nami, obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ní Nami-san, ó sì ń pe Robin, obìnrin kejì tó jù ú lọ dáadáa, ní Robin-chan. Mo gbà pé “ẹ” àti “o” kò tó láti gbé èyí. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà mìíràn tí Japan kò ní: oríkì. Ìgbà tí ọkùnrin bá fẹ́ fi ìfẹ́ pe obìnrin, Àjọkẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ ló ń bọ́ sí i lẹ́nu, kì í ṣe orúkọ ìwé. Asọ̀tàn tó gbọ́n lè fi “Robin mi, àkẹ́” dá adùn -chan padà, kó sì fi “ẹ” sílẹ̀ fún Nami.

Ẹlòmíì á bi mí pé báwo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè Japan ṣe fẹ́ fi etí túmọ̀. Kò nílò kó gbọ́ ọ. Ìdí orúkọ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wà, -sama, -san, -kun, -chan, sensei, senpai, ẹni tó bá sì ti wo ánímè fún oṣù díẹ̀ ti mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kó jẹ́ kí wọ́n darí òun nígbà tó bá fẹ́ yan “ẹ” tàbí “o.” Àwọn mìíràn ní kí a kúkú fi wọ́n sílẹ̀ ní èdè Japan. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ̀ wọ́n, kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbádùn Frieren kò lè fi -sama bá ìyá sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá mi” ni ìyá mọ̀.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀wọ̀ Japan ń yí padà pẹ̀lú ẹni tó ń gbọ́. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀, á yọ -san kúrò lára orúkọ ọ̀gá náà, torí pé ara ilé ni ọ̀gá, a kì í sì í gbé ara ilé ga lójú àlejò. Bí ó bá ń dárúkọ bàbá tó bí i, chichi ló máa sọ fún ará ìta, otōsan ló ń sọ nílé. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. “Bàbá mi ti jáde, wọ́n máa tó dé” ni a ń sọ fún ọ̀rẹ́, àlejò àti ọlọ́pàá. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé etí ló ń sọ fún wa pé ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, òfin èdè tiwa ló sì ń sọ bí a ó ṣe gbé e jáde. Ọmọ tó bá sọ chichi lórí àwòrán gbọ́dọ̀ sọ “bàbá mi” àti “wọ́n” lẹ́nu Yorùbá, torí kò tàbùkù bàbá rẹ̀ níbẹ̀, àṣà ilẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ lé.

Ewu tó wà nínú gbígba ojú Gẹ̀ẹ́sì kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Orúkọ ánímè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ pe àwọn ọ̀tá Tanjiro ní demon, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sáré pè wọ́n ní èṣù. Oni ni wọ́n ń jẹ́ ní Japan. Ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Muzan ló sọ wọ́n di oni. Wọ́n ń jẹ ènìyàn, oòrùn sì ń pa wọ́n. Èwo ni ti Èṣù nínú èyí? Òjíṣẹ́ ni Èṣù, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, àwọn tó ń bọ ọ́ títí dé Brazil àti Cuba sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣáájú wọn, ló fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ti jókòó sẹ́nu àwọn èèyàn báyìí, kò ṣeé yí padà mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwàásù, ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ìwàásù. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, daemons ló kọ sórí ìwé náà ní 1968, ó sì ṣàlàyé pé lẹ́tà tí òun fi kún un ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi àwọn ẹ̀dá inú igbó náà wé ẹ̀mí búburú inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹni tó ń lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwa tó ń gba ọ̀nà òdìkejì bọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iwin kò bá oni mu pátápátá, torí iwin kì í ṣe ènìyàn rí. Ẹ pè wọ́n ní ànjọ̀nú ajẹ̀nìyàn, ẹ sì fi Èṣù sílẹ̀ níbi tó wà.