Àkànní, Ta Ló Ń Ra Dátà Ilé Yìí?

Àkànní, wá jókòó síbí. Gbé fóònù yẹn sápò, èmi ni kí o wò. Ṣé ìwọ lo tún lọ pa gbogbo ohun tó wà nínú Chrome rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀? Má wulẹ̀ purọ́, ojú ẹ ti jẹ́wọ́. Láti àárọ̀ ni Dádì ti ń pariwo pé ímeèlì ò jẹ́ kóun wọlé.

Mo mọ̀ pé oore lo fẹ́ ṣe, ọkọ mi. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, o ní kí o bá wa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó gbálẹ̀, ṣé ó yẹ kó gbá kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ pàǹtí?

Ọ̀tọ̀ ni cookie, ọ̀tọ̀ ni cache. Cookie ni àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì kan ń fi sínú kọ̀ǹpútà ẹni, kó lè dá wa mọ̀ tá a bá padà dé. Lou Montulli, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1994. Ò ń rẹ́rìn-ín? O rò pé ata nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lọ̀! Tí o bá pa á rẹ́, ìkànnì á ní òun ò mọ̀ wá rí. Ohun tó ṣe Dádì nìyẹn.

Cache ní tiẹ̀, àwòrán àti fáìlì àwọn ojú ewé tá a ti ṣí rí ni. Chrome tọ́jú wọn sílé kó má baà máa lọ gbé wọn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Ìwọ tó ń pa á rẹ́ láràárọ̀, gbogbo ẹ̀ náà la tún ń fi dátà gbé wọlé. Ta ló sì ń ra dátà?

Tí ojú ewé kan bá dàrú, kọ́kọ́ tẹ Ctrl àti F5 pọ̀, kó tún ara rẹ̀ gbé wá. Tí kò bá gbọ́, ìgbà yẹn ni kí o tẹ Ctrl, Shift àti Delete. Fara balẹ̀ ka ohun tó bá jáde o! “Cached images and files” nìkan ni kí o máàkì. Èyí tó bá kọ “Passwords”, má fọwọ́ kàn án. Tó bá sì jẹ́ cookie ìkànnì kan ló ń dáni láàmú, wá tiẹ̀ nìkan lọ nínú Settings, kí o yọ ọ́. Àwọn yòókù ò ṣẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà kafé tí gbogbo ayé ń lò, ibẹ̀ ni kí o ti máa gbá gbogbo ẹ̀ mọ́ kí o tó dìde. Ṣé ibẹ̀ kọ́ lo ṣí Facebook ẹ kalẹ̀ sí, tí o sì bá tìẹ lọ?

Ó yá, lọ jókòó ti Dádì, kẹ́ ẹ jọ wá páásíwọ́ọ̀dù rí. Ìrẹsì ẹ wà nínú kúlà, ẹran méjì ni mo bù sí i. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ímeèlì bá ṣí.